DÓKÍTÀ DAVID MORLEY, ẸNI TÍ Ó FI ÌWỌ̀N SÍ ỌWỌ́ ÀWỌN ÌYÁ

 

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn wa, a fẹ́ kí olúkúlùkù wa rántí téèpù tí ó wà nínú agbọ̀n ìránṣọ rẹ̀. Téèpù yìí ni a fi ń wọn àyà, tí a fi ń wọn ìbàdí, tí a sì fi ń wọn apá kí ọwọ́ bùbá má baà fún ni jù. Ta ni nínú wa ni ó lè rò pé bí a bá fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ yí apá ọmọ ọdún méjì ká, ó lè sọ fún wa bóyá ewu ikú wà lórí ọmọ náà? Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ èyí ni ọkùnrin kan tí ó kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, ní ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Dókítà David Morley ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín lónìí.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI DÍDÉ RẸ̀ SÍ ILÉṢÀ

Ní ọdún 1923 ni a bí David Cornelius Morley ní agbègbè Northamptonshire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, nítorí náà ilé àlùfáà ni ó dàgbà sí. Ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di dókítà tán, ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni ó yàn láàyò.

Ní ọdún 1956, òun àti Aileen aya rẹ̀ kó wá sí Iléṣà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ wa ni wọ́n dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ìgbà tí ó yá ni ó di apá kan ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ọdún márùn-ún péré ni Dókítà Morley lò níbẹ̀, ó padà sílé ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù, inú ọdún márùn-ún yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Kí ni ó bá ní Iléṣà? Àwọn àgbà nínú wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ayé ìgbà náà, ìyá lè bí ọmọ mẹ́fà kí ó sì sin méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn kí wọ́n tó tó ọmọ ọdún márùn-ún. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ jẹ́rìí sí i: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Òjòjò tí ń pa wọ́n kì í ṣe òjòjò àràmàǹdà. Ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, òtútù àyà ni, ikọ́ àwúbì ni, èèyi sì ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí dókítà bá wo ọmọ kan sàn, tí ìyá rẹ̀ gbé e padà sí ìlú wọn, oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà òjòjò mìíràn a tún gbé e padà wá.

Dókítà Morley wòye pé ohun kan wà tí ó ń jẹ́ kí àwọn òjòjò wọ̀nyí rí ọmọ gbé ṣánlẹ̀. Ọmọ tí ó ń jẹun dáadáa lè ṣe èèyi kí ó sì yè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbẹ nítorí àìjẹunrekánú, bí èèyi bá kàn án, ó di ọ̀rọ̀ ẹkún. Nítorí náà ó rí i pé bíbẹ ibùsùn sí ilé ìwòsàn kò tó. A ní láti mọ ọmọ tí ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ kí òjòjò tó wọlé dé bá a, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn.

IṢẸ́ RẸ̀ NÍ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Ó mú ìlú kan láti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlú náà ni Ìmẹ̀sí-Ilé, ibi tí a ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọdún 1886. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn, tí wọ́n sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi di ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, wọ́n ń bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, wọ́n sì ń kọ òjòjò tí ó ṣe sílẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n bá a ṣe é ni nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Margaret Woodland, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ kọ ìwé nípa ìdàgbàsókè ọmọ ní ọdún 1979.

Wọ́n dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Níbòmíràn nígbà náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìyá tí ó ní oko àti ọjà kò lè wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Dókítà Morley pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan náà. Ìyá tí ó gbé ọmọ wá nítorí ikọ́ yóò rí òògùn ikọ́ gbà, wọn yóò wọn ọmọ náà, wọn yóò sì fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ohun kan tí ó ya àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ó fi káàdì ọmọ sí ọwọ́ ìyá ọmọ. Títí di ìgbà náà, ilé ìwòsàn ni ó ń pa ìwé aláìsàn mọ́. Àwọn kan rò pé ìyá tí kò mọ ìwé kà yóò sọ káàdì nù tàbí kí ó fi dì ẹ̀pà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí tọ́jú káàdì wọn bí ẹni tọ́jú owó, díẹ̀ ni ó sọnù. Wọ́n fa ìlà méjì sórí káàdì náà, ààrin ìlà méjèèjì sì ni ọ̀nà ìlera. Bí àmì ìwọ̀n ọmọ bá ń gòkè láàárín ọ̀nà, ó dára. Bí kò bá gòkè mọ́, ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b yóò rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun. Káàdì tí à ń fún àwọn ìyá lónìí ní ilé ìgbẹ̀bí káàkiri ayé, ẹbí káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

Ó tún kọ́ láti mọ àwọn ọmọ tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ jù: ìbejì, ọmọ tí ó kéré nígbà tí a bí i, ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, àti ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ìyá, pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí a nílò ẹ̀rọ láti fi mọ̀. Ará àdúgbò mọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1961, abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti Amẹ́ríkà. Dókítà Morley ti kígbe pé èèyi tí ó ń pa ọmọ ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Dókítà Samuel Katz wá láti Amẹ́ríkà, ó sì bá a fi abẹ́rẹ́ tuntun náà ṣe ìdánwò láàárín àwọn ọmọ tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tí wọ́n la ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ tí ó ti gba ẹ̀mí àìmọye ọmọ là láti ìgbà náà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé fúnra rẹ̀, iye ọmọ tí ó ń kú dínkù púpọ̀ lẹ́yìn tí kílíníìkì náà bẹ̀rẹ̀.

BÍ ỌGBỌ́N ÌWỌ̀N APÁ ṢE BẸ̀RẸ̀

Òṣùwọ̀n dára, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Ó wúwo láti gbé kiri, ó gbówó lórí, ó sì lè bàjẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí a kò bá mọ ọjọ́ orí ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò lè sọ ohun púpọ̀ fún wa. Ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù mẹ́jọ, bí ó bá jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, a óò dúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún méjì, a óò sáré. Ẹ sì mọ̀ pé láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Wọn a ní ọdún tí ọba wàjà ni a bí i, tàbí ìgbà ìkórè iṣu.

Níbí ni apá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Dókítà Derrick Jelliffe, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rí, àti Patrice aya rẹ̀, jẹ́ kí àwọn oníṣègùn mọ ìwúlò rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 1969. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Láti ọmọ ọdún kan títí dé ọmọ ọdún márùn-ún, ìyíká apá ọmọ tí ó ń jẹun dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 16 sí 17 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ̀rá ara ọmọ ọwọ́ ti ń dín kù ni ẹran apá rẹ̀ àti egungun rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ọ̀kan ń dí àlàfo èkejì. Nítorí náà, a kò nílò láti mọ̀ bóyá ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni tàbí ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ebi bá sì dé, ara ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀, apá a sì fà. Orí kò ní fà, ojú lè má tètè fi hàn, ẹ̀wù a sì bo ìyókù. Ṣùgbọ́n apá kì í purọ́.

Nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láàárín ọdún 1967 sí 1970, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kúékà tí wọ́n wá ṣàánú ní ìhà Ìlà-Oòrùn lo ọgbọ́n yìí. Ọmọ pọ̀ bí eéṣú, oúnjẹ kò sì tó. Wọ́n fi igi gígùn kan ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n á wọn apá ọmọ, wọ́n á wá mú un dúró ti igi náà. Bí ọmọ bá ga ju àmì tí ó bá ìwọ̀n apá rẹ̀ mu lọ, a jẹ́ pé ó ti gùn ju bí ó ti sanra lọ, òun ni wọn yóò sì kọ́kọ́ fún ní oúnjẹ.

Dókítà Morley ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Òun àti Dókítà Adnan Shakir ti ìlú Baghdad ní ilẹ̀ Ìráàkì jọ ronú sí i, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1974. Wọ́n mú ìwọ̀n apá, wọ́n sọ ọ́ di àwọ̀ mẹ́ta bí iná tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó. Bí apá bá ju sẹ̀ǹtímítà 13.5 lọ, àwọ̀ ewé ni, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí ó bá wà láàárín 12.5 àti 13.5, àwọ̀ òféfèé bí ìyeyè ni, kí a ṣọ́ra. Bí kò bá tó 12.5, àwọ̀ pupa ni, ewu ti dé. Kò sí nọ́ńbà láti kà. Wọ́n a máa fi fíìmù X-ray àlòkù gé e, nítorí pé fíìmù kì í nà bí aṣọ. Èyí kò ná ni ní nǹkankan, ó sì lè wọ àpò.

OHUN TÍ OJÚ TIWA RÍ

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nínú ìtàn dókítà, kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ wá lára.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa tí a ń kọ èyí fi ọjọ́ ayé wa ṣe. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ó máa ń pọn àbúrò rẹ̀ wá sí ilé ìwé ní ọjọ́ ọjà. Ọmọ náà a dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í sunkún, kì í da ẹ̀kọ́ rú, àwa a sì máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rù, ẹ̀wù sì bò ó lápá. Nígbà tí èèyi jà ládùúgbò, ọmọ náà kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí a lọ kí ìyá rẹ̀ ni a tó gbọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí oyún mìíràn, ẹ̀kọ mímu lásán ni ó ń jẹ. Ìdákẹ́jẹ́ tí a ń yìn, ebi ni. A rí ọmọ náà lọ́jọ́ gbogbo tí wọ́n ná ọjà, a kò sì rí i.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, a kọ́ nípa téèpù aláwọ̀ mẹ́ta ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. A padà dé ilé ìwé, a bá àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún gé tiwọn, a sì ní kí wọ́n lọ wọn àwọn àbúrò wọn nílé. Ọmọkùnrin kan padà wá, ó ní ti àbúrò òun dúró sórí pupa. Nígbà tí a dé ilé wọn, inú bí ìyá náà. Ó rò pé à ń pe òun ní abiyamọ burúkú ni. A bẹ̀ ẹ́, a wọn apá ọmọ ìpín rẹ̀ tí ara rẹ̀ le, a tún wọn ti ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó rí ìyàtọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ pọ̀n, a sì jọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà yè. Ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Nígbàkígbà tí a bá rí i, a máa ń rántí èyí tí ó kú.

BÍ Ó ṢE PIN ÌMỌ̀ RẸ̀ KIRI

Dókítà Morley kì í fi ìmọ̀ ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí TALC, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní St Albans. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ìwé, àwòrán, káàdì àti téèpù apá ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní owó pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ yìí náà ni ó tan ṣíbí oníke kan kálẹ̀ tí ó ní ojú méjì, ojú ńlá fún ṣúgà, ojú kékeré fún iyọ̀, kí ìyá má baà ṣi omi iyọ̀ àti ṣúgà pò fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ní ọdún 1973 ó kọ ìwé ńlá kan lórí ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ìtọ́jú ọmọdé ní àwọn ilẹ̀ tí ń gòkè àgbà. Ní ọdún 1978 òun àti olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Hugh Hawes bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé láti tọ́jú ọmọdé ẹgbẹ́ wọn àti àbúrò wọn. Inú àwa olùkọ́ dùn sí èyí, nítorí a mọ̀ pé lọ́pọ̀ ilé, ẹ̀gbọ́n ni ó ń tọ́ àbúrò.

Wọ́n bu ọlá fún un. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ẹ̀bùn Ọba Faisal ti ilẹ̀ Saudi Arabia ní ọdún 1982 lórí iṣẹ́ ìlera alábọ́dé, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè. Ó kú ní oṣù keje ọdún 2009, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

BÍ A ṢE Ń WỌN APÁ

Ní ọdún 2009 tí ó kú yẹn gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF jọ fi ẹnu kò lórí ìwọ̀n tí à ń lò títí di òní. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́, kí ẹ má ṣe pa á pọ̀. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni, ewu ńlá wà. Bí ó bá jẹ́ 11.5 ṣùgbọ́n tí kò tó 12.5, ìyeyè ni, ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́. Láti 12.5 lọ sókè, àwọ̀ ewé ni.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Apá òsì ni kí ẹ lò. Ẹ bọ́ ẹ̀wù kúrò lápá náà. Ẹ ká ìgúnpá ọmọ, kí ẹ wá ṣóńṣó egungun èjìká àti ṣóńṣó ìgúnpá, kí ẹ sì sàmì sí àárín méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí apá náà rọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá yí téèpù ká ibi tí ẹ sàmì sí. Kí ó kan ara yíká, kí ó má fún un débi tí ara yóò fi wú sókè, kí ó má sì dẹ̀ débi tí ìka yóò fi wọlé. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jin tí kò tètè padà, omi ni ó wà lára ọmọ náà. Àmì kwashiorkor ni, ibi yòówù kí apá dúró sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí apá bá wà ní pupa, kí ẹnikẹ́ni má fi agbo dá a dúró sílé. Oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n fi ẹ̀pà àti mílíìkì ṣe wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì. Bí ó bá wà ní ìyeyè, ẹ fi hàn nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wo abọ́ rẹ̀. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé mọ́ ògì rẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ẹ má sì tètè gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé téèpù kò gba iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Ọmọ tí apá rẹ̀ dára gbọ́dọ̀ ṣì máa lọ gun òṣùwọ̀n, nítorí òṣùwọ̀n a máa tètè rí i bí ọmọ kò bá dàgbà bí ó ti yẹ.

Ìwọ̀n apá wúlò fún àwa àgbà náà. Fún aláboyún, ikùn ń tóbi, ìwọ̀n ara ń pọ̀, ṣùgbọ́n apá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà apá ni ó ń fi hàn bóyá òun fúnra rẹ̀ ń jẹun tó. Ọ̀pọ̀ ètò ìlera ni ó máa ń ran aláboyún tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 21 sí 23 lọ́wọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ ni lápá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ wà fún apá tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27 sí 34. Apá 35 sí 44 nílò èyí tí ó tóbi, apá 22 sí 26 nílò èyí tí ó kéré. Bí wọ́n bá fi èyí tí ó kéré wé apá ńlá, ẹ̀rọ yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ga ju bí ó ṣe rí lọ, ẹni náà sì lè máa lo òògùn tí kò yẹ ẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí a wọn apá ara wa, kí a sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ní orílẹ̀-èdè Niger, tí ó bá wa pààlà ní òkè, àwọn oníwádìí fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta sí ọwọ́ àwọn ìyá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 2015 àti 2016 ni pé àwọn ìyá náà mọ̀ ọ́n wọ̀n bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Nítorí pé ìyá ń wọn ọmọ rẹ̀ nílé nígbàkígbà, wọ́n tún máa ń tètè rí i kí òjòjò tó wọra. Dókítà Morley kò sí láyé láti gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n kò ní yà á lẹ́nu. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ti fi hàn án láti ọdún 1957.

Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa nìyí: ìyá ni dókítà àkọ́kọ́ tí ọmọ ní, bí a bá fún un ní ohun èlò tí ó rọrùn, tí a sì fọkàn tán an, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Òun tí ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kò tijú láti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n wá láti oko.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, a bẹ̀ yín, ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí àwọn aránṣọ àárín wa mú téèpù dání. Kí àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ gbé ọmọ wọn wá, kí àwọn ìyá àgbà sì mú ọmọ ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn wá. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ọmọ kan. Pàápàá jù lọ, ẹ má ṣe gbàgbé ọmọ tí ó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.